Ọkọ̀ ogun ńlá àbí owó àtúnṣe: èwo ló yẹ ká kọ́kọ́ fún néfì wa?

Ẹnjiníà Apápá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní ká jọ gbé e yẹ̀ wò. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún 2025 lọ síwájú àwọn aṣòfin, tírílíọ̀nù 4.91 náírà ló ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò ààbò. Kò sí ẹ̀ka tí wọ́n fún lówó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé owó ti ya wọ ilé àwọn ológun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń gbà lọ: owó oṣù, ogun Boko Haram ní Borno, ogun àwọn agbébọn ní Zamfara àti Katsina. Inú èyí tó bá kù ni néfì á ti ra ọkọ̀, á ti ra díísù, á ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ ogun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì; kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Ọkọ̀ tí a ò tíì fojú rí, iye rẹ̀ ní náírà ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ibi tí mo dúró sí rèé. Kí ìjọba má ra ọkọ̀ ogun ńlá mìíràn títí àwọn tó wà nílẹ̀ á fi lè jáde lọ́jọ́ tí a bá pè wọ́n. Kí wọ́n ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè fà á lọ síbòmíràn. Kí èyí tó bá ṣẹ́kù lọ sórí ọkọ̀ ìṣọ́ kéékèèké, ẹ̀rọ tó ń ríran jìnnà, àti epo.

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. Omi òkun ló ń tu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lára. Ó ń gba ihò kan wọlé nísàlẹ̀ ọkọ̀, á gba inú asẹ́ irin kọjá kó tó dé ara ẹ́ńjìnnì. Ní ọ̀sà Èkó wa yìí, bí ẹ bá ṣí asẹ́ yẹn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti òṣíbàtà ni ẹ máa bá nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣí i lásìkò, ẹ́ńjìnnì á gbóná títí orí rẹ̀ á fi là. Lábẹ́ ọkọ̀ náà, a máa ń de síńkì mọ́ irin kí iyọ̀ lè rí síńkì jẹ, kó fi irin sílẹ̀. Síńkì yẹn ń tán. Bí owó àtipààrọ̀ rẹ̀ ò bá jáde, irin ọkọ̀ ló kàn. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ bóyá ọkọ̀ ń rìn o, bóyá ó so mọ́lẹ̀ o. Èyí tó so mọ́lẹ̀ gan-an ló ń yára bàjẹ́.

Bàbá Ayọ̀

Ẹnjiníà, mo kí ọ. Ọmọ ogun ojú omi ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, o ò ní bínú tí mo bá ta kò ọ́. Ọ̀rọ̀ asẹ́ àti síńkì tí o sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ibi tí o gbé e gbà lọ ni mi ò bá ọ dé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń sọ̀rọ̀ ajalèlókun bí ẹni pé torí olè nìkan la ṣe dá néfì sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1967, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó àwọn ọmọ ogun gba ojú omi wọ Bonny. Ọkọ̀ ogun wa, NNS Nigeria, ló ń yìnbọn bò wọ́n láti ojú òkun, NNS Lokoja wà lára àwọn tó gbé wọn dé etí ilẹ̀. Lọ́dún 1990 tí ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ ECOWAS, fẹ́ wọ Monrovia ní Liberia, ojú omi náà ni wọ́n gbà, ọkọ̀ tiwa wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré wo lo máa fi ṣe irú iṣẹ́ yẹn?

Wo kànga epo wa tó wà nínú ibú: Bonga, Agbami, Akpo, Egina. Kò sí èyí tí kò lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí ilẹ̀ nínú wọn. Òfin àgbáyé fún wa ní igba máìlì ojú omi láti máa ṣọ́. Ọkọ̀ kékeré lè sáré dé ibẹ̀, mi ò jiyàn. Àtidúró ibẹ̀ ni wàhálà. Nígbà òjò, tí ìgbì bá ń ti ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì bọ̀, àwọn ọmọ inú ọkọ̀ kékeré á máa bì, epo á fẹ́ tán, ọ̀gá ọkọ̀ á sì yíjú sílé. Ẹni tó fẹ́ jalè mọ èyí. Ó máa ń dúró de ìgbà tí o bá lọ.

Ẹnjiníà Apápá

Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ̀yin ẹ wà níbẹ̀, àwa kà á ni. Ṣùgbọ́n NNS Aradu, ọkọ̀ ogun ńlá wa, gan-an ni ẹ̀rí tí mo dì mú. Hamburg ni wọ́n ti kàn án, ó sì wọ iṣẹ́ lọ́dún 1982. Kò sí irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà yẹn: míṣáìlì lára rẹ̀, ìbọn ńlá lára rẹ̀, hẹlikọ́pítà lẹ́yìn rẹ̀. Tọ́báìnì rẹ̀ wá láti Britain, ẹ́ńjìnnì díísù rẹ̀ láti Jámánì, ìbọn rẹ̀ láti Ítálì. Ohun kan ò lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kí a má kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè kan. Nígbà tí owó epo wó lulẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, owó ìwé yẹn ò jáde mọ́. Ó ti pẹ́ tí Aradu ti so mọ́lẹ̀ láì lè jáde. Ẹ sì wò ó, ọkọ̀ náà ò burú. Ẹni tó rà á ò ronú kan ọdún kẹwàá ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ la wá gba tòkúnbọ̀. Thunder àti Okpabana, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ló ti ń lò wọ́n láti ọdún 1968. Wọ́n fún wa ní ìkíní ní 2011, ìkejì ní 2014. Mo kí wọn fún un, wọ́n sì ṣe gudugudu méje; Thunder lọ dé Sydney ní Australia lọ́dún 2013, ó sì padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí páàtì ẹ́ńjìnnì ọdún 1968 rà lórí àtẹ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ rọ ọ́ fún yín, tàbí kí ẹ tú ọkọ̀ kan láti fi tún èkejì ṣe.

Gúúsù Áfíríkà náà ń bẹ níwájú wa. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ra ọkọ̀ ogun MEKO mẹ́rin àti ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́ta láti Jámánì, tuntun ń dán. Wọ́n lówó jù wá lọ, wọ́n ní ibùdó àtúnṣe ní Simon's Town tó ti wà láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ lónìí, èyí tó lè jáde nínú méjèèje kò tó nǹkan, nítorí owó àtúnṣe ò wá lásìkò.

Dèjì Peckham

Bàbá Ayọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù kún un, torí àwọn èèyàn ń rò pé ọ̀rọ̀ àìlówó yìí mọ sí Áfíríkà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, mínísítà ètò ààbò ibí, John Healey, kéde pé àwọn máa kó HMS Albion, HMS Bulwark àti HMS Northumberland kúrò lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ọkọ̀ agbépo méjì àti àwọn hẹlikọ́pítà kan. Ohun tó ká mi lára ni pé Albion àti Bulwark, lórí ìwé tó wà nílẹ̀ kí ìkéde yẹn tó jáde, yẹ kó ṣì wà nínú néfì di ọdún 2033 àti 2034. Lójú omi, kò sí ètò pé kí èyíkéyìí nínú wọn tún jáde mọ́. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án pọ́n-ùn lọ́dún ni wọ́n ti ń ná nígbà yẹn kí ọkọ̀ méjì lè máa jókòó. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló ti ná bílíọ̀nù tó lé ní mẹ́fà pọ́n-ùn sórí ọkọ̀ agbébàálù méjì. Tí o bá ra èyí tó tóbi jù, ó máa jẹ owó àwọn tó yẹ kó máa sìn ín.

Brazil ra ọkọ̀ agbébàálù Foch lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 2000, mílíọ̀nù 12 dọ́là péré. Wọ́n sọ ọ́ ní São Paulo. Iná jó nínú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ ò tán, wọ́n fi í sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, wọ́n wọ́ ọ lọ sínú agbami, wọ́n rì í, torí kò sí èbúté tó fẹ́ gbà á pẹ̀lú ẹ̀gbin asbestos tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá Tọ́lá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi ò mọ Aradu, mi ò mọ MEKO. Nọ́ọ̀sì ni mí. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń sọ yẹn, tírílíọ̀nù 2.48 ni ti ìlera, 3.52 ni ti ẹ̀kọ́. A ń lo tọ́ọ̀ṣì fóònù láti fi gbẹ̀bí. Kí ló dé tí a ń jiyàn lórí irú ọkọ̀ tí a máa rà, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá ó yẹ ká rà á rárá?

Ẹ sì rántí ọdún 2023. Nínú àfikún bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé wá nígbà yẹn, wọ́n kọ bílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ ààrẹ, abẹ́ orúkọ néfì ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni àwọn aṣòfin kó owó náà lọ sórí owó tí wọ́n ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pariwo ńkọ́? Ẹ ní owó ò tó. Èmi ń wò ó pé ìwé ìnáwó náà ni a ò rí kà dáadáa.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ìyá Tọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ó fi kan ilé ìwòsàn náà.

Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí. Lóru, àwọn tírọ́là, ọkọ̀ apẹja ńlá, máa ń sún mọ́ etí ilẹ̀, wọ́n á wọ́ àwọ̀n wọn gba orí àwọ̀n tiwa kọjá, tiwa á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ fa àwọ̀n nínú máìlì márùn-ún sí etíkun. A ń rí iná wọn. Ta ló ń lé wọn? Àwọn ajalèlókun ní tiwọn kì í bèèrè ẹja. Ẹ́ńjìnnì Yamaha tó wà nídìí ọkọ̀ ni wọ́n ń tú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ọkọ̀ wọn á pa tì yín lára, ẹnìkan á na ìbọn, ẹnìkan á fò wọlé pẹ̀lú sípánà, kó tó pẹ́ ẹ́ńjìnnì ti kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹ óò fi àjẹ̀ wá ilẹ̀ lọ, bí ìgbì bá gbà fún yín. Ti ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ́ẹ̀. Gbèsè ló fi rà á, ó ṣì ń san gbèsè náà.

Aradu kọ́ ló máa gba àwa sílẹ̀. Ọkọ̀ kékeré mẹ́ta tó yá, tó ní epo, tó ń sùn ní Ìlàjẹ tí kì í ṣe ní Èkó, ìyẹn ti tó láti yí ìgbésí ayé wa padà.

Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì náà, inú odò ni olè wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, epo tí a ń wà kò tó mílíọ̀nù kan àgbá lóòjọ́ mọ́. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n rí páìpù kan tí wọ́n yọ́ so mọ́ ti èbúté Forcados, kìlómítà mẹ́rin ni, ó jáde sínú òkun. Ọ̀gá NNPC ní ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣiṣẹ́ láì sẹ́ni tó mọ̀. Tantita, iléeṣẹ́ Tompolo, ajàjàgbara Niger Delta àtijọ́, tó gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ páìpù lọ́dún yẹn, ni ó kó àwọn èèyàn débẹ̀. Àwọn ọmọ odò ló mọ odò. Owó tó ń jò láti ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí iná wà ní yàrá ìgbẹ̀bí yín, Ìyá Tọ́lá.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà

Ọmọ Ìlàjẹ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi. Ìdajì kejì wà lórí Heroic Idun.

Fún àwọn tí kò gbọ́: ọkọ̀ agbépo rọ̀bì ńlá ni, ó lè gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àgbá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ó wá sí kànga Akpo láì ní ìwé àṣẹ tó péye. NNS Gongola bi í léèrè, ó ní kó tẹ̀ lé òun lọ sí Bonny. Ọkọ̀ náà kọ̀, ó sá lọ, ó tún kéde fáyé pé ajalèlókun ló ń lé òun. Ìbọn ò dún. Néfì wa ń wò ó lórí ẹ̀rọ Falcon Eye tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò. Equatorial Guinea mú un. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n fà á lé wa lọ́wọ́, ní 2023 àwọn tó ni ín gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sanwó ìtanràn kí ó tó lọ.

Ẹ wo ohun tó mú un: ẹ̀rọ tó ń ríran, àdéhùn pẹ̀lú aládùúgbò, àti òfin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ kò tó owó ọkọ̀ ogun ńlá kan.

Bàbá Ayọ̀

Agbẹjọ́rò, ìtàn yẹn ti èmi lẹ́yìn ju ìwọ lọ. Gongola dé ibẹ̀, ó pàṣẹ, wọn ò ka àṣẹ rẹ̀ sí. Kí ló dé? Ọ̀gá ọkọ̀ yẹn wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ó rí i pé kò lè dá òun dúró, kò sì lè lé òun dé ibi tí òun ń lọ. Ká ní Thunder tàbí Centenary, ọkọ̀ ńlá wa mìíràn, ló bá níbẹ̀, tí hẹlikọ́pítà fi gbéra, ṣé o rò pé ó máa ṣíṣẹ̀? Bonny ló máa gbà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Equatorial Guinea ló bá wa mú ẹran tó já mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí àárín àwa àti aládùúgbò ò bá gún, ta ló máa mú un?

Ìgbà tí Denmark fẹ́ dáàbò bo àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ lágbègbè wa níbí lọ́dún 2021, Esbern Snare ni wọ́n rán wá láti òkè òkun lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ńlá ni. Wọn ò rán ọkọ̀ kékeré.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà

Bàbá, mo gbà pé ọkọ̀ ńlá ì bá dá a dúró. Ọ̀rọ̀ mi ni pé mélòó la lè tọ́jú tí wọ́n á fi wà ní Akpo, ní Bonga, ní Agbami, lọ́sàn-án lóru? Ẹ̀rọ kan ń wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin tí mo mẹ́nu bà yẹn náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Títí di ọdún 2019, a kì í fi orúkọ ìjalè lójú òkun pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, kò sí òfin rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́dún yẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àwọn kan gba ọkọ̀ apẹja ará Ṣáínà, Hai Lu Feng 11, ní apá Côte d'Ivoire. NNS Nguru lé wọn bá lójú agbami, wọ́n mú mẹ́wàá láàyè, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà yọ. Lọ́dún 2021 ilé ẹjọ́ ní Èkó rán àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjìlá méjìlá.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú àríyànjiyàn o. Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní èbúté. Mo fẹ́ kí ẹ rántí àwa tó wà ní ìhà ibí.

Lọ́dún 2011, àwọn ajalèlókun fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtijẹ wa. Ọkọ̀ agbépo ni wọ́n ń jí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọlọ́jà ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún wa, owó ìdúró-fún-ewu tí wọ́n ń san lórí ọkọ̀ tó bá wá síbí gbówó lórí. Ẹni tó bá mọ orílẹ̀-èdè Benin mọ̀ pé èbúté yẹn ni ìjọba fi ń jẹun. A ò ní néfì tó lè ṣe nǹkan kan sí i. Ààrẹ wa ránṣẹ́ sí Àbújá, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni Operation Prosperity bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ Nàìjíríà àti tiwa jọ ń ṣọ́ omi. Ọkọ̀ Nàìjíríà ló tóbi, tiwa ń tẹ̀ lé e.

Nítorí náà bí Ẹnjiníà bá ní kí ẹ má ra ọkọ̀ ńlá mọ́, mo ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí omi yín bá le fún olè, tí ẹ ò sì lè jáde kọjá ẹnu ààlà, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Lẹ́yìn wa, Tógò.

Ẹnjiníà Apápá

Ọmọ Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, mi ò sì ní fò ó. Mi ò ní kí a kó ọkọ̀ ńlá dànù. Mo ní kí àwọn tó wà máa ṣiṣẹ́. Thunder kan tó lè jáde lọ́la ṣàǹfààní fún Kútọnu ju ọkọ̀ tuntun mẹ́ta tó máa so mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà lọ.

Ẹ wo Deep Blue, ètò ìjọba àpapọ̀ láti ṣọ́ ojú omi wa. Mílíọ̀nù 195 dọ́là ni gbogbo rẹ̀: ọkọ̀ ńlá méjì, bàálù méjì, hẹlikọ́pítà mẹ́ta, ọkọ̀ ayára mẹ́tàdínlógún, dúróònù mẹ́rin. Ààrẹ Buhari ṣí i ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ní 2020, nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lágbàáyé, 130 ni wọ́n jí ní Gulf of Guinea, ìyẹn omi òkun agbègbè wa yìí. Ìkọlù 81 ló ṣẹlẹ̀ lágbègbè yìí lọ́dún yẹn. Ní 2021 ó di 34, ní 2022 ó di 19. Mi ò sọ pé Deep Blue nìkan ló ṣe é. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ olè sì ti rí i pé epo jíjí lérè ju èèyàn jíjí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín owó náà: ojú láti òkè, ẹsẹ̀ tó yá nísàlẹ̀, ńlá díẹ̀ láàárín. Ní Britain, iye tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí ọkọ̀ ogun Type 31 kan má kọjá ni mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn, wọ́n sì pè é ní olówó pọ́ọ́kú. Ní nǹkan bí 2,000 náírà sí pọ́n-ùn kan, bílíọ̀nù 500 náírà nìyẹn, kí ẹ tó ra epo sínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí inú mi dùn sí. Ní ibùdó àtúnṣe néfì ní Victoria Island, àwọn ọmọ wa fúnra wọn ti kan ọkọ̀ ìṣọ́ mẹ́ta: Andoni ní 2012, Karaduwa ní 2016, Oji ní 2021. Irin àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ti òkèèrè wá, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n wẹ́dà ibẹ̀, ẹni tó na wáyà ibẹ̀, ẹni tó fa páìpù ibẹ̀, gbogbo wọn ló mọ inú ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe mọ ilé wọn. Bí ó bá bàjẹ́, a ò ní kọ̀wé sí Hamburg. Ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún láàárín ọ̀kan sí èkejì ló ń dùn mí. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí Andoni ti lè bá iléeṣẹ́ epo lọ kí Karaduwa tó bẹ̀rẹ̀. Tí owó kékeré bá ń wọlé lọ́dọọdún, a lè máa kan ọ̀kan lọ́dún méjì méjì.

Dèjì Peckham

Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń sọ níbí náà. Wọ́n ní ohun tó ń ba àwọn tó ń kan ọkọ̀ jẹ́ ni kí iṣẹ́ pọ̀ lódì, kó dáwọ́ dúró, kó tún pọ̀.

Ìyá Tọ́lá

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìlàjẹ lórí ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn mí gan-an. Mo gbà pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣọ́ omi.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ omi? Lọ́dún 2003 wọ́n mú ọkọ̀ agbépo African Pride, ó wà ní ìkáwọ́ néfì, ó pòórá. Ilé ẹjọ́ ológun lé ọ̀gágun ojú omi méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 2005. Ẹ ní kí a ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Owó tí a yà sọ́tọ̀ tí a ò lè rí bí wọ́n ṣe ná an, ọ̀nà kan náà ló máa gbà lọ. Mo fẹ́ lọ bá aṣòfin àgbègbè mi. Ẹ sọ fún mi, ní èdè tí ó máa yé mi, kí ni kí n bi í?

Ẹnjiníà Apápá

Ìyá Tọ́lá, ẹ bi í léèrè mélòó nínú ọkọ̀ néfì ló jáde lójú omi lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lò níbẹ̀. Ẹ má bi í léèrè iye ọkọ̀ tí a ní. Iye yẹn ni wọ́n máa ń fi dá wa lóhùn. Ẹ tún bi í léèrè ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan gorí ilẹ̀ kẹ́yìn láti tún abẹ́ rẹ̀ ṣe, àti iye tí wọ́n kọ fún un nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àti iye tó dé ọwọ́ wọn gan-an. Àwọn ìbéèrè yìí kì í ṣe àṣírí ogun. Néfì Amẹ́ríkà ń dáhùn irú rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin wọn ní gbangba.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ bá mi fi kún un pé níbo ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké náà ń sùn. Etíkun Òǹdó gùn, a ò sì ń rí wọn.

Bàbá Ayọ̀

Ìyá Tọ́lá, ìbéèrè Ẹnjiníà dára, bá mi bi í bẹ́ẹ̀. Láyé tiwa, ọjọ́ tí ọkọ̀ lò lójú omi ni ọ̀gá fi ń mọ ọ̀gá. Mi ò rò pé ìtìjú kan wà nínú kí ará ìlú mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n fi tèmi náà kún un. Thunder àti Okpabana ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bó ti wù kí ẹ tọ́jú wọn tó, wọ́n máa lọ. Àwọn ọkọ̀ méjì tí a ní kí iléeṣẹ́ Dearsan kàn fún wa ní Tọ́kì láti ọdún 2021, mítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wúlò, ṣùgbọ́n wọn ò tó láti gba ipò àwọn àgbà méjì yẹn. Kí aṣòfin sọ fún wa ọjọ́ tí Thunder máa fẹ̀yìn tì àti ohun tó máa rọ́pò rẹ̀. Bí a bá ní ká dúró títí gbogbo nǹkan á fi dára ká tó paṣẹ ọkọ̀, ọdún márùn-ún ló máa gbà kí wọ́n tó kàn án. Ní ọdún márùn-ún yẹn, ibú wa á ṣófo.

Ẹnjiníà Apápá

Bàbá, lórí ọ̀kan yẹn mo bá yín dé. Kí wọ́n pàṣẹ ọ̀kan láti rọ́pò Thunder, tí wọ́n bá kọ owó àtúnṣe ọdún mẹ́wàá àti páàtì rẹ̀ mọ́ inú àdéhùn kan náà, tí àwọn wẹ́dà wa láti Victoria Island bá sì wà níbi tí wọ́n ti ń kàn án láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Láìsí ìyẹn, ẹ má fọwọ́ sí i.

Bàbá Ayọ̀

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí o kọ. Ní ọdún mẹ́wàá, ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ wàhálà ni.